Wòlé-wòlé Ẹnubodè Àgbáyé: Ìtàn Òfin Tó Dá Ẹ̀wà Wa Padà

Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù, EU, ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà wá. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún ìfòfindè náà. Nígbà tí ó di 2016, wọ́n fi ọdún mẹ́ta kún un. Nígbà tí mẹ́ta náà pé ní 2019, wọ́n tún fi ọdún mẹ́ta mìíràn lé e. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ẹ̀wà wa kò gùn rárá: wọ́n ní oògùn apakòkòrò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ dichlorvos wà nínú rẹ̀ ju bí òfin wọn ṣe gbà lọ.

Ohùn méjì ni mo gbọ́ jù nílé nígbà náà. Ohùn kìíní sọ pé ìkà ni òyìnbó, pé wọn kò fẹ́ kí ọmọ Áfíríkà tà kí ó sì jèrè. Ohùn kejì sọ pé àgbẹ̀ àti oníṣòwò wa ni ọ̀dájú, pé owó nìkan ni wọ́n mọ̀. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ohùn méjèèjì, ṣùgbọ́n èyíkéyìí nínú wọn kò tó láti fi ṣe ìdájọ́. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òfin tó dá ẹ̀wà wa padà ní ìtàn. Ó yẹ kí a wo ẹ̀yìn ná, kí a mọ ibi tí ó ti wá, kí a tó mọ ẹni tí a ó bá wí.

Àrùn kò mọ ààlà

Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé kò ní ṣàì rántí wòlé-wòlé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, a máa wọ agbo ilé láìròtẹ́lẹ̀. A ṣí ìkòkò omi wò bóyá ìdin ẹ̀fọn wà níbẹ̀, a wo ibi ìdáná, a wo ààtàn, a sì kọ orúkọ ẹni tí ilé rẹ̀ kò bá mọ́. Ìyá ẹlòmíràn a sá gba ẹ̀yìnkùlé lọ bí ó bá ti gbúròó rẹ̀. Ṣùgbọ́n òye kan wà lẹ́yìn iṣẹ́ náà tí ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn rẹ̀: ẹ̀fọn tí a bí nínú ìkòkò Lágbájá kò ní pinnu pé Lágbájá nìkan ni òun yóò jẹ. Ìdọ̀tí ilé kan ni àìsàn ilé kejì.

Òye yìí kan náà ni àwọn ìlú tó ń ṣòwò lórí omi ní láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 1377, ìlú Ragusa, tí a mọ̀ sí Dubrovnik lónìí, pàṣẹ pé ẹni tó bá ti ibi tí àjàkálẹ̀ àrùn wà dé gbọ́dọ̀ dúró ní ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn ìlú kí ó tó wọlé. Àwọn ará Venice sọ ọ́ di ogójì ọjọ́, láti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ogójì ní èdè wọn ni òyìnbó sì ti mú orúkọ tí wọ́n ń pe ìsémọ́ títí di òní. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni èyí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ayé tó mọ̀ pé ewéko àti ẹranko náà lè gbé àjálù wọ inú ọkọ̀.

Ọgbà àjàrà ilẹ̀ Faransé ló kọ́ Yúróòpù ní ẹ̀kọ́ yìí. Láàárín ọdún 1860 sí 1870, igi àjàrà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láìsí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀. Ní 1868, àwọn onímọ̀ hú gbòǹgbò rẹ̀ wò, wọ́n bá kòkòrò tíntínní kan tí wọ́n ń pè ní phylloxera níbẹ̀, ó ń fa omi ara igi náà mu. Amẹ́ríkà ló ti wá, ó bá igi àjàrà tí àwọn ènìyàn rà láti òkè òkun wọlé. Ọgbà tó ti wà láti ìran dé ìran di igbó. Nígbà tí ó di ọdún 1878, àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù pàdé ní ìlú Bern, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn pé igi àjàrà kò gbọdọ̀ gba ẹnubodè kọjá láìsí àyẹ̀wò àti ìwé ẹ̀rí. Àdéhùn náà wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ jùmọ̀ ṣe nítorí ìlera ohun ọ̀gbìn. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé Amẹ́ríkà kan náà ni ìwòsàn ti wá: wọ́n lọ́ ẹ̀ka àjàrà Yúróòpù mọ́ gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà tí kòkòrò náà kò lè pa.

Ẹranko náà ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì dun Áfíríkà ju ẹnikẹ́ni lọ. Àrùn màlúù kan wà tí òyìnbó ń pè ní rinderpest. Ó wọ ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà ní nǹkan bí ọdún 1887. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé màlúù tí wọ́n kó wá láti Íńdíà fún àwọn ọmọ ogun Ítálì ló gbé e wọlé. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ó ti rìn dé gúúsù pátápátá, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Fúlàní darandaran ní ìhà tiwa. Níbi tí ó ti le jù, nínú màlúù mẹ́wàá, mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló kú. Ìyàn tẹ̀ lé e ní Etiópíà, ènìyàn sì kú lọ bí ewé. Kò sí wòlé-wòlé kankan ní ẹnubodè nígbà náà, àwọn tó ń gba ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ wa lọ́wọ́ kò sì dá ọ̀kan sílẹ̀ nítorí wa.

Nígbà tí àrùn náà kan Yúróòpù ni ayé tó jí. Ní ọdún 1920, màlúù tí wọ́n ń kó láti Íńdíà lọ sí Brazil yà ní èbúté Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀mù, rinderpest sì bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n pe ìpàdé ní Paris ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1924, orílẹ̀-èdè 28 dá àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ìlera ẹranko sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kí orílẹ̀-èdè tí àrùn bá bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ tètè kéde, kí ó má ṣe bò ó mọ́lẹ̀ nítorí ọjà. Ọdún 2011 ni wọ́n kéde pé rinderpest ti kúrò láyé. Òun ni àrùn ẹranko àkọ́kọ́ tí ọmọ ènìyàn pa rẹ́, ọwọ́ àwọn oníṣègùn ẹran ní Áfíríkà sì wà nínú iṣẹ́ náà dáadáa.

Báyìí ni àjọ mẹ́ta ṣe dìde níkọ̀ọ̀kan. Ti ẹranko ni mo sọ tán yìí. Ti ohun ọ̀gbìn ni àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Róòmù ní 1951 lábẹ́ Àjọ Oúnjẹ àti Ọ̀gbìn Àgbáyé, FAO. Ti oúnjẹ ni ìgbìmọ̀ Codex Alimentarius, tí FAO àti Àjọ Ìlera Àgbáyé jọ gbé kalẹ̀ ní 1963 láti máa sọ ìwọ̀n májèlé, oògùn àti ìdọ̀tí tí kò gbọdọ̀ wà nínú ohun tí a ó fi sẹ́nu.

Ẹ̀gẹ́ wa náà mọ̀ ọ́n

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé ọgbọ́n òyìnbó lásán ni gbogbo èyí, kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gẹ́. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù ni ẹ̀gẹ́ ti wá sọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò tó ń bá a jà níbẹ̀ kò bá a wá. Ní nǹkan bí ọdún 1973, wọ́n rí kòkòrò funfun kan lára ẹ̀gẹ́ ní agbègbè Kóńgò, bí ìgbà tí ènìyàn wọ́n ìyẹ̀fun sí ọ̀mùnú ewé. Ó ti rí ọ̀nà wọlé láti ilẹ̀ baba rẹ̀. Ewé ń ká kò, igi ń ràn, iṣu abẹ́ rẹ̀ kò tóbi mọ́. Láàárín ọdún díẹ̀, kòkòrò náà ti tàn ká ilẹ̀ tó pọ̀ ní Áfíríkà, ó sì ti dé ilẹ̀ wa. Fún ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà àti láfún, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ìbàdàn ni ìdáhùn ti wá. Ní ibùdó ìwádìí IITA, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan tó ń jẹ́ Hans Herren darí iṣẹ́ wíwá ọ̀tá kòkòrò náà káàkiri Amẹ́ríkà ti gúúsù. Ní 1981, wọ́n rí i ní Paraguay: agbọ́n kékeré kan tó máa ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò funfun náà, tí ọmọ rẹ̀ yóò sì jẹ ẹ́ láti inú. Ohun tí mo fẹ́ kí a fiyè sí ni ohun tó tẹ̀ lé e. Wọn kò kó agbọ́n náà sínú àpò kí wọ́n wá tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí ìsémọ́ ní Ìlú Ọba, wọ́n ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ dájú pé kò ní di àjálù kejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó mú un wá, ó sì ṣẹ́gun kòkòrò náà ní orílẹ̀-èdè tó pọ̀. Wọ́n fi Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé dá Herren lọ́lá ní 1995.

Nítorí náà, ẹ̀gbà ọ̀rùn wa gan-an ni àyẹ̀wò ẹnubodè. Kòkòrò tí kò gba ẹnubodè tó ní ẹ̀ṣọ́ kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu wa. Agbọ́n tó gba inú àyẹ̀wò kọjá ló gbà wá sílẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ di ògiri

Ṣùgbọ́n wòlé-wòlé kì í ṣe áńgẹ́lì. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn kan wà nínú wọn tó ń fi ìwé ìtanràn gbẹ̀san lára ẹni tí wọn kò fẹ́ràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Nígbà tí wọ́n kọ àdéhùn òwò GATT ní 1947, wọ́n fi gbólóhùn kan sínú abala ogún rẹ̀ pé orílẹ̀-èdè kankan lè dá ọjà dúró bí ó bá pọn dandan láti dáàbò bo ẹ̀mí tàbí ìlera ènìyàn, ẹranko tàbí ohun ọ̀gbìn. Gbólóhùn tó dára ni. Àmọ́ bí owó ẹnubodè ṣe ń wálẹ̀ láti ìpàdé dé ìpàdé, àwọn tó fẹ́ dáàbò bo àgbẹ̀ tiwọn rí i pé ìlera lè ṣe iṣẹ́ tí owó ẹnubodè kò lè ṣe mọ́. Ẹni tó bá sọ pé ọjà rẹ wọ́n ju tèmi lọ, o lè bá a jiyàn. Ẹni tó bá sọ pé ọjà rẹ yóò pa ọmọ òun, kí lo fẹ́ wí?

Ìdí nìyí tí wọ́n fi jókòó lé ọ̀rọ̀ náà nínú ìdúnàádúrà tó bẹ̀rẹ̀ ní Uruguay ní 1986. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1994, ní ìlú Marrakesh ní Mòrókò, wọ́n fọwọ́ sí ìwé tó bí Àjọ Okòwò Àgbáyé, WTO. Lára àwọn ìwé náà ni àdéhùn kan lórí ìlera ènìyàn, ẹranko àti ohun ọ̀gbìn, tí gbogbo ayé ń pè ní SPS. Abala mẹ́rìnlá ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1995. Nàìjíríà wà lára ọmọ ẹgbẹ́ láti ọjọ́ náà.

Bí a bá yọ èdè agbẹjọ́rò kúrò, ohun tí SPS sọ kò ṣòro. Ó ní olúkúlùkù orílẹ̀-èdè lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ìwọ̀n ààbò tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni kí ó fi gbè é lẹ́sẹ̀, kì í ṣe ìbẹ̀rù tàbí ojúsàájú. Ẹni tó bá lo ìwọ̀n tí àwọn àjọ mẹ́ta tí mo dárúkọ lókè fi lélẹ̀ wà lábẹ́ ààbò; ẹni tó bá fẹ́ le jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gbé àyẹ̀wò ewu kalẹ̀. Bí ẹ̀rí kò bá tíì tó, orílẹ̀-èdè lè ṣọ́ra fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó máa wá ẹ̀rí náà lọ. Bí ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe tèmi kò bá jọ tìrẹ ṣùgbọ́n tí ó dé ibi kan náà, kí o gbà á. Bí àrùn bá wà ní apá kan orílẹ̀-èdè, kí o má ṣe fìyà jẹ apá tí kò sí. Kí o sì kéde òfin tuntun ṣáájú, kí àwọn yòókù lè sọ̀rọ̀.

Àwọn alágbára ló kọ́kọ́ dán an wò. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 1989 ni Yúróòpù ti kọ ẹran màlúù Amẹ́ríkà tí wọ́n fi oògùn họ́mónù mú sanra. Ní 1996, Amẹ́ríkà gbé ẹjọ́ náà lọ sí WTO, Kánádà náà sì gbé tirẹ̀ lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1998, ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn dájọ́ pé Yúróòpù kò gbé ìfòfindè náà ka orí àyẹ̀wò ewu tó yẹ. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà: Yúróòpù kò mú òfin rẹ̀ kúrò. Ó ní àwọn ènìyàn òun kò fẹ́ ẹran náà. Ní 1999, wọ́n gba Amẹ́ríkà láyè láti gbẹ̀san, ó sì gbé owó ẹnubodè gọbọi lé ọjà Yúróòpù tí iye rẹ̀ tó mílíọ̀nù 116.8 dọ́là lọ́dọọdún. Ọdún 2009 ni wọ́n tó jọ jókòó wá ojútùú: Yúróòpù gbà láti ra ẹran tí kò ní họ́mónù púpọ̀ sí i lọ́wọ́ Amẹ́ríkà.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí níbẹ̀. Èkíní ni pé òfin náà lè dá ọlọ́lá lẹ́bi. Èkejì ni pé ọlọ́lá tó jẹ̀bi lè yàn láti san owó kí ó sì máa ṣe ohun tó wù ú. Orílẹ̀-èdè tó ń ta ẹ̀wà àti ẹ̀pà kò ní irú àǹfààní yẹn, kò sì rọrùn fún un láti gbẹ̀san. Gúúsù Áfíríkà gbìyànjú: ní 2022, ó gbé EU lọ sí WTO lórí òfin tó kan ọsàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ agbẹjọ́rò, yàrá àyẹ̀wò àti ọdún púpọ̀, ọsàn kò sì lè dúró lórí igi de ìdájọ́.

Ẹ̀pà, tòlótòló àti àwa

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù fún Áfíríkà ni májèlé tí a kò lè fi ojú rí. Ní 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín oṣù díẹ̀. Wọ́n tọ ipasẹ̀ ikú náà dé inú oúnjẹ wọn, wọ́n bá ẹ̀pà lílọ̀ tó ti Brazil wá níbẹ̀. Ohun tó hu lára ẹ̀pà náà ló ń tú májèlé jáde, wọ́n sì sọ májèlé náà ní aflatoxin. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀pà, àgbàdo àti àwọn ohun ọ̀gbìn mìíràn tí a kò bá sá gbẹ dáadáa ni ibùgbé rẹ̀.

Codex fi ìwọ̀n 15 máíkrógíráàmù nínú kílò kan lélẹ̀ fún ẹ̀pà tí wọn yóò tún ṣiṣẹ́ lé lórí. Yúróòpù ní tòun fún ẹ̀pà tí ènìyàn yóò jẹ ní tààrà jẹ́ 4. Ní 2001, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ní Báńkì Àgbáyé ṣírò pé bí Yúróòpù bá lo ìwọ̀n tó le yìí dípò ti Codex, Áfíríkà lè pàdánù òwò tó tó mílíọ̀nù 670 dọ́là lọ́dún, nígbà tí ẹ̀mí tí Yúróòpù yóò fi gbà là kò ju ẹyọ kan àti díẹ̀ lọ nínú bílíọ̀nù kan ènìyàn lọ́dún. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti ta ko ìṣirò náà láti ìgbà yẹn, wọ́n ní ìṣòro tó wà nílé ń dí òwò wa lọ́wọ́ ju òfin Yúróòpù lọ. Síbẹ̀, ìṣirò yẹn di ohun ìjà lẹ́nu gbogbo ẹni tó ń sọ pé ìlera ni wọ́n fi bojú.

Èmi náà ti fi gbèjà wa rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé ìṣirò kejì lé e. Ní 2004, àgbàdo tí aflatoxin wà nínú rẹ̀ ṣe ọṣẹ́ ní ìlà-oòrùn Kẹ́ńyà. Ènìyàn 317 ló ṣàìsàn. 125 nínú wọn kú. Àgbàdo tí wọ́n gbìn nílé, tí wọ́n kó sí àká nílé, tí wọ́n sì sè jẹ nílé ni. Kò dé ẹnubodè kankan, aṣọ́bodè kankan kò yẹ̀ ẹ́ wò. Yúróòpù ń jà lórí ẹyọ ẹ̀mí kan nínú bílíọ̀nù, ní tiwa, ẹ̀mí 125 lọ láàárín oṣù díẹ̀ ní agbègbè kan ṣoṣo.

Ìdí ọ̀rọ̀ nìyí. Òfin òwò àgbáyé ń dáàbò bo ẹni tó ń ra ọjà. Kò sí abala kan nínú mẹ́rìnlá rẹ̀ tó pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni dáàbò bo ẹni tó ń jẹ oúnjẹ nílé ẹni tó ń tà á. Ìyẹn kù sọ́wọ́ ìjọba ilé.

Ẹ̀wà náà lẹ́ẹ̀kan sí i

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sórí ẹ̀wà. Ìwọ̀n dichlorvos tí òfin EU gbà jẹ́ 0.01 mílígíráàmù nínú kílò kan, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03 dé 4.6. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 0.03 lè jàre díẹ̀ pé òfin náà le, nítorí ó fi ìlọ́po mẹ́ta kọjá ìwọ̀n tó kéré jọjọ. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 4.6 ti fi ìlọ́po 460 kọjá ààlà. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe ìwọ̀n. Ẹnìkan ló da oògùn sórí oúnjẹ. Ìfòfindè náà kò sì ṣàdédé já lu wa. Ìkìlọ̀ léraléra ló ti ṣáájú rẹ̀ láti ọdún 2013.

Kí ló dé tí oníṣòwò fi ń da oògùn sí ẹ̀wà? Nítorí pé kòkòrò tó ń lu ẹ̀wà níhò lè sọ àpò kan di ìyẹ̀fun láàárín oṣù díẹ̀, ẹni tó sì yá owó ra ọjà kò lè fojú sùn. Dichlorvos wà lórí àtẹ, kò wọ́n, ó sì ń pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Òun náà ló wà nínú ohun tí gbogbo wa mọ̀ sí Sniper. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé fún oníṣòwò náà pé ohun tó ń ba iṣan ara kòkòrò jẹ́ lè ba ti ènìyàn jẹ́ pẹ̀lú. Nígbà tí NAFDAC pàṣẹ ní 2019 pé kí wọ́n kó ìgò kéékèèké rẹ̀ kúrò lórí àtẹ ọjà ìgboro, ọdún kẹrin ìfòfindè ti wọlé.

Mo ní kí a má gbàgbé àbùkù òyìnbó. Yúróòpù ti yọ dichlorvos kúrò lára oògùn tí àgbẹ̀ wọn lè lò, síbẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń ta oògùn oko tí wọ́n ti fòfin dè nílé fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Wọ́n ń ti ilẹ̀kùn iwájú mọ́ májèlé, wọ́n ń ti ẹ̀yìnkùlé kó o jáde. Ó yẹ kí àwọn aṣojú wa máa fi ọ̀rọ̀ yìí kò wọ́n lójú ní gbogbo ìpàdé.

Àmọ́ àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó fàbọ̀ bá adìyẹ. Ta ló ń jẹ ẹ̀wà Nàìjíríà ní London nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọmọ wa tó ń wá èlò àkàrà àti mọ́ínmọ́ín ní ọjà Peckham. Ọmọ wa tó wà lókè òkun ni òfin òyìnbó gbà lọ́wọ́ májèlé. Ìyá rẹ̀ tó wà ní Òṣogbo tàbí Ìlọrin ń ra ẹ̀wà láti inú ọjà kan náà, kò sì sí ẹni tó yẹ ti tirẹ̀ wò. Ẹ̀wà tó lọ sí òkèèrè kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a ń jẹ nílé. Bí 4.6 bá wà nínú àpò tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí ló wà nínú èyí tó wà nínú ìkòkò wa?

Ìyanjú náà kò sì jìnnà sí wa. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ti bá àwọn àgbẹ̀ Kamẹrúùnù ṣiṣẹ́ lórí àpò onípele mẹ́ta kan: ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun níta. Bí a bá so ó pa, afẹ́fẹ́ tán nínú rẹ̀, kòkòrò kú, ẹ̀wà wà bó ṣe wà láìsí ẹ̀kán oògùn kan. Ní Ìbàdàn, IITA àti àwọn alájọṣiṣẹ́ wọn ti ṣe Aflasafe, tó ń fi irú ẹ̀dá tó ń hu lára ẹ̀pà tí kò ní májèlé lé èyí tó ní májèlé jáde nínú oko; Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí lílò rẹ̀. A ní ilé ìwádìí tó ń mójú tó ìtọ́jú irè oko ní Ìlọrin. Láti 2017, òfin tó fi ẹsẹ̀ iléeṣẹ́ àyẹ̀wò ọ̀gbìn àti ẹran ní ẹnubodè, NAQS, múlẹ̀ ti wà. Àwọn bàbá wa tó gbin kòkó mọ̀ pé èyí ṣeé ṣe: kòkó tó bu kì í kọjá lójú àwọn òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò irè oko, wọ́n a sì dá a padà fún ẹni tó kó o wá kí ó tó rí èbúté.

Ohun tó kù ni kí àyẹ̀wò náà má ṣe parí sí èbúté. Kí ó dé Bódìjà, kí ó dé Mile 12, kí ó dé gbogbo ọjà tí ìyá wa ti ń wọn ẹ̀wà ní kóńgò. Kí àpò onípele mẹ́ta wà lọ́wọ́ oníṣòwò ní owó tí agbára rẹ̀ ká, kí a sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọlọ́pàá lé e. Kí èsì àyẹ̀wò di ohun tí gbogbo ènìyàn lè kà, bí ó ti rí ní Yúróòpù, níbi tí a ti kà nípa ẹ̀wà tiwa.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Orílẹ̀-èdè tó bá ń yẹ oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ wò kò ní máa gbọ̀n bí àlejò bá fẹ́ yẹ ọjà rẹ̀ wò. Yóò ní yàrá àyẹ̀wò tirẹ̀, yóò ní ẹ̀rí tirẹ̀, yóò sì lè dìde nínú ìpàdé WTO kí ó sọ pé, òfin yín yìí le ju bó ṣe yẹ lọ, ìṣirò tiwa rèé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ka iye májèlé tó wà nínú àwo ọmọ rẹ̀ kò ní ìwé kankan tí yóò fi jiyàn.